Labalábá Palm Beach: bí lẹ́tà tó tóbi ṣe da ìbò àwọn arúgbó rú

Ẹ mú bébà kan, ẹ ká a sí méjì, kẹ́ ẹ tún ṣí i padà bí ẹni ṣí ìwé. Ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́fà sápá òsì látòkè wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ mẹ́rin sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ àkọ́kọ́ lọ́tùn-ún ṣe déédéé pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ lósì o, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kó bọ́ sáàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ lu ihò sójú ibi tí bébà ti ká, ihò tẹ̀ lé ihò lórí ìlà kan ṣoṣo: ihò kìíní fún ẹni àkọ́kọ́ lósì, ìkejì fún ẹni àkọ́kọ́ lọ́tùn-ún, ìkẹta fún ẹni kejì lósì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbé e fún ìyá àgbà kan tó ti tó ọmọ ọdún 78, ẹ ní kí wọ́n lu ihò ẹni kejì lápá òsì. Ẹ má bá wọn sọ nǹkan míì, ẹ kàn máa wò wọ́n.

Ohun tí wọ́n gbé síwájú àwọn ará Palm Beach County nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Florida, Amẹ́ríkà (kántì tiwọn dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), lọ́jọ́ 7 oṣù November ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ń dìbò ààrẹ, tí Al Gore àti George W. Bush jọ ń fà á. Wọ́n pe bébà ìbò yẹn ní labalábá torí apá méjì tó nà sọ́tùn-ún sósì. Iṣẹ́ desáìn ni mò ń ṣe ní tèmi, ìwé ìkésíni, pósítà, kàlẹ́ńdà ìsìnkú, bánà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ náà, mi ò kì í ṣe olóṣèlú, mi ò sì ní sọ ẹni tó yẹ kó wọlé fún yín. Ṣùgbọ́n tí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo CorelDRAW tá a fi ń ya desáìn lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán bálọ́ọ̀tì yìí ni mo máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ níwájú ẹ̀, màá ní kó wá ibi tó ti bàjẹ́ fún mi. Wọ́n á ní fọ́ńtì ẹ̀ ò wuyì. Wọ́n á ní kò ní kọ́lọ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún mi pé àánú ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ àánú gan-an ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ̀rọ ìbò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Votomatic lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á fún olùdìbò ní káàdì pẹlẹbẹ kan tí kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀, nọ́ńbà nìkan, pẹ̀lú igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ti gún etí ẹ̀ yí ká kó lè tètè já. Olùdìbò á ki káàdì yẹn bọ abẹ́ àwọn ojú ìwé tó wà lára ẹ̀rọ, ojú ìwé yẹn ni orúkọ wà, á wá mú irin ṣóńṣó kan, á gún un bọ ihò tó bá orúkọ ẹni tó fẹ́ mu, wóró bébà á já bọ́ sísàlẹ̀, ìbò ti wọlé nìyẹn. Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀ ṣá o: tó bá fa káàdì yẹn jáde, ihò lára nọ́ńbà ló máa rí, kò ní rí orúkọ. Kò sí bó ṣe fẹ́ wò ó kó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Téèyàn bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù báyìí, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tó fẹ́ fún hàn án, á ní ṣé ó dá a lójú, tiwọn ò ní ìyẹn rárá. Gbogbo ẹrù wá wà lórí bí wọ́n ṣe to orúkọ àti ihò, tí ìtò yẹn bá ti ṣì, kò sí nǹkan míì tó máa gba èèyàn là.

Ẹni tó wà nídìí ọ́fíìsì ìbò Palm Beach nígbà yẹn ni Theresa LePore. Látìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn, ọdún 1996 ni wọ́n dìbò yàn án sípò ọ̀gá ibẹ̀, ẹgbẹ́ Democrat tí Gore wà lòun náà sì wà nígbà yẹn, kí ẹni tó bá ti fẹ́ máa pariwo pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ fọkàn balẹ̀. Ìṣòro tó bá a lọ́dún yẹn ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Wọ́n ti tún òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe lọ́dún 1998, ó wá rọrùn fáwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láti gbé olùdíje síta, nígbà tó fi máa di 2000, olùdíje ààrẹ ti di mẹ́wàá, mẹ́wàá yẹn ò sì dá nìkan wà, oníkálukú pẹ̀lú igbákejì ẹ̀, orúkọ ogún nìyẹn, láìka orúkọ ẹgbẹ́. Níbo ló máa kó wọn sí?

Ọ̀nà méjì ló wà. Kó jẹ́ kí lẹ́tà kéré, kí gbogbo wọn lè gba ojú ìwé kan, àwọn kántì míì tó ń lo irú ẹ̀rọ yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Tàbí kó jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kó wá pín wọn sí ojú ìwé méjì tó kọjú síra. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ ní Palm Beach, àwọn èèyàn láti New York àtàwọn ibi òtútù míì ló máa ń kó lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. LePore rò ó, ó ní kí lẹ́tà tóbi kí àwọn àgbà lè rí i kà.

Ṣé ẹ wá rí i? Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ wa nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kó o mọ ẹni tó fẹ́ ka ohun tó o ṣe, kó o mọ ojú ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀, ibi tó ti máa kà á. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ èmi lolùkọ́, màá fún un ní máàkì tó pé níbẹ̀. Òfin kan tó pa mọ́ ló fi fọ́ òmíràn tí kò rí.

Ojú ìwé òsì ló gba mẹ́fà, ọ̀tún gba mẹ́rin pẹ̀lú àyè fẹ́ni tó bá fẹ́ kọ orúkọ tó wù ú. Bush ló wà lókè pátápátá lósì torí pé òfin Florida ní ẹgbẹ́ tí gómìnà wà ló máa ṣáájú, Jeb Bush àbúrò ẹ̀ ló sì jẹ́ gómìnà, ló bá jẹ́ Republican ló ṣáájú, Democrat tẹ̀ lé e, Gore nìyẹn. Ìhà ọ̀tún, Pat Buchanan ti ẹgbẹ́ Reform ló ṣáájú níbẹ̀. Ihò Bush, nọ́ńbà 3. Ihò Buchanan, nọ́ńbà 4. Ihò Gore, nọ́ńbà 5. Gbogbo nọ́ńbà tí ò ṣeé pín sí méjì, tòsì ni, àwọn tó ṣeé pín sí méjì, tọ̀tún ni. Lórí tábìlì níbi téèyàn ti ń ro ó, ó mọ́gbọ́n dání. Ojú èèyàn kọ́ ló ń ronú bẹ́ẹ̀ ṣá.

Bí ojú ṣe ń ka nǹkan, òsì ló ń bẹ̀rẹ̀, á ka òkè, á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Gore, á bẹ̀rẹ̀ lósì, á rí Bush, ìyẹn kọ́, á rí Gore lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó ń wá nìyẹn, ó parí, kí ló tún fẹ́ wò lọ́tùn-ún sí? Wọ́n ti kọ́ ọ látìgbà tó ti ń dìbò pé orúkọ wà lósì, ihò wà lọ́tùn-ún ẹ̀. Ẹni kejì, ihò kejì. Ó gún un. Buchanan ló gba ìbò. Ìlànà ìsúnmọ́ra ni àwa onídesáìn máa ń pe èyí: ohun tó bá sún mọ́ra, ojú á gbà pé ẹbí ni wọ́n. Tó o bá fẹ́ kéèyàn mọ̀ pé nǹkan méjì jọ ń rìn, gbé wọn súnmọ́ra, tó ò bá sì fẹ́, fi àyè sáàárín wọn. Ihò orí labalábá yẹn, gbogbo wọn ló sún mọ́ gbogbo orúkọ, ọ̀tún ń fà á, òsì ń fà á, kò sí ibi tí ihò kan ti lè sọ pé ti lágbájá lòun. Ìyẹn tún ba ìlànà kejì jẹ́, èyí tó ní kí nǹkan tó bára tan wà ní ìlà déédéé, torí àpótí ọ̀tún ò bá tòsì ṣe déédéé, ó ń ṣe gẹ́gẹ́rẹ́ sísàlẹ̀.

Wọ́n á ní, ṣùgbọ́n ọfà wà níbẹ̀ nàa, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ọfà wà. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ọfà lórí desáìn dà bí báńdéèjì, tó o bá ti rí i, wá ojú egbò wò lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, táwọn èèyàn ń jáde látinú yàrá ìbò tí wọ́n ń sọ pé àwọn ò mọ ẹni táwọn dìbò fún o, LePore kọ ìwé ráńpẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́ ìbò pé kí wọ́n rán àwọn olùdìbò létí pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n dìbò fún, kí wọ́n sì gún ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdíje tí wọ́n fẹ́. Ẹ tún un kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìrìnàjò mẹ́ta ni ojú máa rìn láti orúkọ dé ihò, ó wá fẹ́ kí bàbá ẹni ọdún 80 rìn ín, tí ìlà èèyàn gùn lẹ́yìn ẹ̀, tí gbogbo wọn ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ náà tún dá kún un. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé ààrẹ pé Vote for Group, ìyẹn ni pé kéèyàn dìbò fún ẹgbẹ́ olùdíje, ààrẹ àti igbákejì pa pọ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nígboro? Àpótí Gore ní orúkọ méjì, Gore lókè, Joe Lieberman nísàlẹ̀, ẹlòmíì wò ó pé orúkọ méjì, ihò méjì, ó gún 5, ó tún gún 6. Ihò 6 ti David McReynolds ni, ẹgbẹ́ Socialist. Ìbò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹlòmíì gún 4, ó wá rí i pé òun ti ṣì í, ó tún gún 5 kó fi tún un ṣe, tòun náà bàjẹ́. Èèyàn lè gba káàdì tuntun tó bá ṣì í, àmọ́ ẹni tí ò bá mọ̀, tàbí tójú ń tì, kò ní béèrè.

Wọ́n ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ ló máa fà ya. Labalábá Palm Beach ní tiẹ̀, aṣọ Gore ló fà ya. Buchanan gba 3,407 ìbò nínú kíkà àkọ́kọ́ ní kántì yẹn, kò sí kántì míì ní Florida tó ti súnmọ́ ọn, Pinellas tó tẹ̀ lé e, 1,013 ni. Ní Palm Beach ṣá o, níbi táwọn Júù tó ti dàgbà pọ̀ sí, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Buchanan sétí, tí Lieberman sì jẹ́ Júù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kankan máa fà kalẹ̀ fún ipò igbákejì ààrẹ. Buchanan fúnra ẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbà pé púpọ̀ nínú ìbò yẹn kì í ṣe tòun.

Èyí tó bàjẹ́ pátápátá torí pé wọ́n gún ju ẹyọ kan lọ lé ní 19,000. Nígbà tí ìwé ìròyìn Palm Beach Post yẹ àwọn káàdì yẹn wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí 5,330 tó gún Gore àti Buchanan pọ̀, wọ́n rí 2,908 tó gún Gore àti McReynolds, wọ́n tún rí 1,631 tó gún Bush àti Buchanan. Ẹ fi ìka tọ àwọn ihò yẹn, 5 àti 4, 5 àti 6, 3 àti 4, gbogbo wọn aládùúgbò ni. Iye tí Bush sì fi ju Gore lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Florida, nínú ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́fà, 537 ni. Florida yẹn ló sì pinnu ẹni tó di ààrẹ.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Wọ́n fi àwọn arúgbó yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Orí tẹlifíṣọ̀n, inú ìwé ìròyìn, apanilẹ́rìn-ín gbogbo, pé wọn ò mọ ìwé kà, pé ọpọlọ wọn ti rọ, pé ọmọdé ọdún mẹ́jọ máa lò ó kò ní ṣì. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mẹ́fà kan jókòó ti nọ́ńbà yẹn, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2001, ohun tí wọ́n rí rọrùn débi pé ìyá mi ní ọjà máa lóye ẹ̀. Àwọn kan wà ní Palm Beach kan náà tí wọn ò lọ síbi ìdìbò, ilé ni wọ́n ti dìbò, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, bálọ́ọ̀tì tiwọn kì í ṣe labalábá. Kántì kan náà, olùdíje kan náà. Nínú 1,000 ìbò tó wá nípasẹ̀ lẹ́tà, nǹkan bíi 2 ni Buchanan rí. Nínú 1,000 tí wọ́n dì lójú ẹ̀rọ, ó rí tó 8 sí 9. Ṣé ọpọlọ ẹni tó lọ síbi ìdìbò ló rọ, tẹni tó jókòó sílé wá pé? Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ó lé ní 2,000 èèyàn tó fẹ́ Gore tó ṣèèṣì dìbò fún Buchanan, láìtíì ka àwọn tó gún méjì. Àti pé àwọn olólùfẹ́ Bush náà ṣì í, 1,631 yẹn ńkọ́? Tiwọn kàn kéré ni torí pé òun ló wà lókè pátápátá, ẹni kìíní, ihò kìíní, ó bọ́ síra.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó rí i kó tó di ọjọ́ ìdìbò. Wọ́n fi àpẹẹrẹ bálọ́ọ̀tì yẹn ránṣẹ́ sílé àwọn olùdìbò, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú rí i, kò sẹ́ni tó fọhùn. Kò yà mí lẹ́nu ní tèmi. Wíwo desáìn àti lílo desáìn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, orúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń wá, ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ó rí i, ó buwọ́ lù ú. Kò mú irin ṣóńṣó dání. Èmi náà ti jẹ irú ẹ̀ rí. Ìwé ìkésíni ìyàwó ni, mo pín in sí méjì, ṣọ́ọ̀ṣì lósì, gbọ̀ngàn àríyá lọ́tùn-ún, mo wá ní kí ó lè wuyì, mo kó àdírẹ́sì méjèèjì pọ̀ sísàlẹ̀, mo fi òdòdó kékeré kan sáàárín wọn. Ìyá ìyàwó wò ó, bàbá ọkọ wò ó, tọkọtaya wò ó, gbogbo wọn ní ó dáa, ó rẹwà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan láti ìlú míì ti jókòó sí gbọ̀ngàn, àwọn tó ń to àga ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìyá ìyàwó ò bá mi jà, wọ́n kàn wò mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí ń béèrè pé ṣé ó dáa mọ́, màá gbé e fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, màá ní, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́sàn-án, ibo lẹ ń lọ?

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ labalábá lọ ilé ẹjọ́. Nígbà tí December bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Florida ní bálọ́ọ̀tì yẹn ò rú òfin débi tí wọ́n fi máa wọ́gi lé ìbò. Ariwo tó kù, tó gbòde kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, orí wóró bébà ló dá lé, èyí tó já àti èyí tí ò já tán, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé káàdì sókè sí iná, wọ́n ń fi awò wò ó, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi dá gbogbo ẹ̀ dúró lọ́jọ́ 12 oṣù December. Ohun táwọn èèyàn ò sì fiyè sí ni pé tí wọ́n bá tiẹ̀ ka káàdì Palm Beach lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ò lè tún ti labalábá ṣe. Ihò tó wà lójú 4, ihò gidi ni, ó já dáadáa, kò sí awò tó lè fi hàn pé ẹni tó lù ú, Gore ló wà lọ́kàn ẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé téèyàn bá ti yẹra fún labalábá, ó ti yè. Duval County, lápá àríwá ìpínlẹ̀ yẹn, tò ó bó ṣe yẹ, orúkọ lósì, ihò lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́wàá ò gba ojú ìwé kan, wọ́n bá ní kí tó kù bọ́ sí ojú ìwé kejì, èèyàn á ṣí i. Àpẹẹrẹ bálọ́ọ̀tì tí wọ́n sì ti pín káàkiri sọ pé kéèyàn dìbò lórí gbogbo ojú ìwé. Àwọn èèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, wọ́n yan ààrẹ kan lójú ìwé kìíní, wọ́n ṣí i, wọ́n tún yan òmíràn lójú ìwé kejì. Ó lé ní 20,000 ìbò tó bàjẹ́ báyẹn. Gbólóhùn kan péré o.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó wá rántí pé àwọn onídesáìn wà láyé. Florida fi òfin lé ẹ̀rọ oníhò yẹn lọ lọ́dún 2001, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tiwọn lọ́dún 2002, wọ́n sì fi owó sílẹ̀ káwọn ìpínlẹ̀ fi ra ẹ̀rọ míì. Ní Chicago, níbi tí wọ́n ti lo labalábá tiwọn náà lọ́dún 2000 fún ìbò àwọn adájọ́, Marcia Lausen tó jẹ́ olùkọ́ desáìn ní yunifásítì ìlú yẹn kó àwọn èèyàn jọ lábẹ́ AIGA, ẹgbẹ́ àwọn onídesáìn Amẹ́ríkà, wọ́n tún bálọ́ọ̀tì Cook County tò. Nígbà tó fi máa di 2007, ìlànà ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kí wọ́n má fi lẹ́tà ńlá, irú A, B, C, kọ gbogbo orúkọ mọ́. Lórí labalábá, lẹ́tà ńlá ni gbogbo orúkọ, láti A dé Z, wọ́n rò pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó hàn. Irọ́ ni. Lẹ́tà kékeré yàtọ̀ síra, èyí kan gùn sókè, èyí kan sọ̀ sísàlẹ̀, tó o bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ di búlọ́ọ̀kù, ó tún gba àyè ju bó ṣe yẹ lọ. Ní èdè tiwa, ó tún burú sí i, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ sórí bánà kẹ́ ẹ wá wo bí àmì òkè ṣe máa kọ lu ìlà tó wà lókè ẹ̀, tí àmì ìsàlẹ̀ á bọ́ sínú ìlà tó tẹ̀ lé e, oníbàárà á wá ní kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò. Ẹ má yọ àmì o, ẹ yọ lẹ́tà ńlá. Wọ́n tún ní kí wọ́n má to ọ̀rọ̀ sáàárín, kí gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ lósì níbi kan náà. Fọ́ńtì kan ti tó. Kí èdè rọrùn.

Wọ́n ní kí wọ́n má lo àmì ẹgbẹ́, ibi tí èmi àti wọn ti yà nìyẹn, ó kéré tán fún tiwa nílé. Àwọn tó bí wa, ọ̀pẹ ni wọ́n dìbò fún tàbí àkùkọ, orúkọ olùdíje kì í tiẹ̀ sí lórí bébà, àmì ni ẹni tí ò kàwé máa ń wò. Àmọ́ àmì náà nígbà tó pọ̀, ẹ wo ti 2019 wa, olùdíje ààrẹ 73 lórí bébà kan, tí bàbá àgbà ń ká a, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ka sí.

LePore ò rọ́nà lọ. Nígbà tí wọ́n tún dìbò sípò ẹ̀ lọ́dún 2004, wọ́n yọ ọ́, ẹlòmíì wọlé. Mi ò lè bú u. Lóòótọ́, ká ní èmi ni mo jókòó sórí àga ẹ̀ ní 2000, lẹ́tà tó tóbi yẹn ni màá mú.

Broward County ló wà ní gúúsù Palm Beach gẹ́ẹ́, wọ́n jọ pààlà ni. Lọ́dún 2018, wọ́n dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, Rick Scott ti Republican àti Bill Nelson ti Democrat. Ẹ̀rọ oníhò ti lọ, àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni wọ́n ń kùn lórí bébà. Ìtọ́ni bí wọ́n ṣe máa dìbò ló wà ní apá òsì lókè, wọ́n kọ ọ́ ní èdè mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì, Spanish àti Creole àwọn ará Haiti, kí kálukú lè gbọ́ ọ yé. Ìtọ́ni èdè mẹ́ta gùn, ó gba gbogbo apá òsì yẹn sísàlẹ̀, ibi tó kù ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ki ìdíje aṣòfin àgbà sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fojú fo ìtọ́ni tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n fò ó pẹ̀lú ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè àárín níbi tí gómìnà wà. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Florida, Scott fi ìbò 10,033 ju Nelson lọ.